Omi Tí Ìyá Mi Àgbà Gbé Wá sí Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń rìn, ọ̀pá ni mo fi ṣe èkejì. Ẹ má wulẹ̀ máa káàánú mi, kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ jókòó. Àìsàn kan ló ṣe mí kí n tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ dáadáa, nígbà tó sì fi mí sílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi ti rọ, kò bá èkejì dàgbà mọ́. Ní abúlé wa lẹ́yìn Kàmínà, nítòsí Atakpamé, kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n gé igi kan fún mi, wọ́n fá a kó dán, nígbà tí mo bá sì ga sí i, wọ́n á gé òmíràn. Tí wọ́n bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, wọ́n á pe orúkọ mi, n ó dáhùn, n ó sì lọ, bó ti wù kó pẹ́ tó kí n tó dé.

Ìyá mi àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ló tọ́ mi. Àwọn òbí mi ti kọjá sí Gánà lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó, wọ́n máa ń wá nígbà ọdún pẹ̀lú aṣọ àti mílíìkì inú agolo, wọ́n á lo ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á tún lọ. Obìnrin líle ni ìyá mi àgbà. Ó ń ro oko iṣu ní ọ̀nà Akparé, ó ń ta gaàrí ní ọjà Notsé, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ èdè Ewe débi pé ó lè fi í nájà, kó fi í jà, kó tún fi í bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ìjà. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ ń bọ ni òun náà ń bọ, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí tirẹ̀. Òun ló sọ mí lórúkọ. Lágbègbè wa, gbogbo wa la ní orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí wa, èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi nílé ìwé nìyẹn, ọmọ tó ń jẹ́ ẹ kò sì lóǹkà. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá mi àgbà sọ mí, tí gbogbo agbo ilé fi ń pè mí, mi ò tíì gbọ́ kí ẹlòmíràn jẹ́ ẹ títí di òní. Odidi gbólóhùn kan ni, àdúrà ni. Nígbà tí àìsàn yẹn dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń pè é sí mi létí ṣáá, ó sì gbà pé orúkọ náà ni kò jẹ́ kí n lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ilé ìwé jẹ́ fún mi, torí bí ẹ kò bá mọ ìyẹn, ẹ ó rò pé alágídí ọmọ lásán ni mí. Iṣẹ́ oko ni gbogbo abúlé wa ń ṣe. Ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ń kọ ebè, ó ń ru iṣu, ó ń ru igi, ó ń pọnmi. Èmi kò lè ru nǹkan kan tó wúwo ju apẹ̀rẹ̀ òfìfo lọ. Obìnrin kan wà ní agbo ilé wa tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń gbé e sí láràárọ̀, ó ń fi ẹ̀ka igi lé adìyẹ àti ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tí a sá. Orí rẹ̀ ti funfun nídìí iṣẹ́ yẹn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi, á ní kí n wá jókòó ti òun, pé àyè wà. Mo mọ̀ pé bí mo bá kúrò nílé ìwé, àyè yẹn ló kù fún mi láyé. Nítorí náà, nígbà tí mo yege láti wọ kọlẹ́ẹ̀jì ní Atakpamé, tí ìyá mi àgbà sì gbà lẹ́yìn ìkùnsínú tó pọ̀, mo máa ń gbéra kí oòrùn tó yọ, kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wá máa kọjá lára mi lójú ọ̀nà. Òkè tó wọ ìlú yẹn, ẹ̀yin ń fi ọ̀kadà gùn ún lónìí, ẹ tún ń ráhùn. Èmi mọ gbogbo òkúta tó wà lára rẹ̀.

Mùsíyé tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ la ń pe olùkọ́ ọkùnrin, kì í ṣe ará ìlú wa. Ewe ni, láti ìhà Gánà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wọ ẹ̀wù funfun tó lọ̀ dáadáa, tó sì ń darí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Kò fi ẹgba kan ẹnikẹ́ni nínú wa rí, bẹ́ẹ̀ àwọn olùkọ́ yòókù ń lù wá bí ẹní ń lu ẹ̀wà gbígbẹ. Ọ̀nà tó gbà ń kọ́ni ló yàtọ̀. Ó ní ìwé lè dúró ná, Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn èèyàn ń sọ lójoojúmọ́ ni òun fẹ́ fi sí wa lẹ́nu.

Ó ní tí a bá tẹ́tí sí àwọn tó ń sọ ọ́ lójú pópó ní Àkrà, a ó rí i pé wọn kì í sábà jẹ́ kí "ìwọ" tàbí "òun" tàbí "àwa" dá dúró lásán. Wọ́n á so ibi tí ẹni náà wà, tàbí ohun tó wà lára rẹ̀, mọ́ ọn lẹ́yìn, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. "You at the back," ìwọ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. "Those of us near the door," àwa tí a wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "He in the torn shirt," òun tí ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, pẹ̀lú ìrù kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn. Àwa náà ń sọ irú rẹ̀ lédè wa, ṣùgbọ́n tiwa máa ń gùn, ó máa ń rọ̀, àyè wà nínú rẹ̀ láti fi ọ̀wọ̀ sí i. Tiwọn kúrú, bí ìgbà tí èèyàn bá na ìka sí ọ.

A pọ̀ ní kíláàsì, orúkọ Ifẹ̀, ìyẹn èdè ilé wa, kò sì rọrùn fún mùsíyé láti pè, nítorí náà ó sọ ọ̀rọ̀ náà di eré. Á ní kí ọmọ kan kọjú sí ògiri. Á na ìka sí ẹlòmíràn láàárín wa. Àwa yòókù ní láti fi Gẹ̀ẹ́sì júwe ẹni náà láìpe orúkọ, títí ẹni tó kọjú sí ògiri yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wo bí a ṣe ń pariwo! Mo fẹ́ràn eré yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ẹnu mi yá ju ẹsẹ̀ mi lọ dáadáa. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ "he of the big ears" nípa ọmọkùnrin kan tí etí rẹ̀ fẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó kàn mí, ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ló dáhùn. Kò tilẹ̀ ronú. "She with the stick," òun tó ní ọ̀pá. Ẹni tó kọjú sí ògiri kò jẹ́ kó parí rẹ̀ tó fi pe orúkọ mi. Mùsíyé pàtẹ́wọ́, ó ní ẹ rí i, ó kúrú, ó sì ṣe kedere, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ohun tí mi ò tètè rí ni pé ìrù àwọn yòókù ń yí padà. Òun tí ẹ̀wù rẹ̀ ya, ìyá rẹ̀ rán ẹ̀wù náà, lọ́jọ́ kejì ó di òun tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Òun tó wé gèlè aláwọ̀ ewé tú gèlè rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn bọ́ síwájú. Kódà ẹlétí fífẹ̀ yẹn, wọ́n rí nǹkan mìíràn sọ nípa rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ sú wọn. Ṣùgbọ́n tèmi, ìgbàkígbà tí wọ́n bá na ìka sí mi, kí mùsíyé tó gbé ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ máa wá kiri nígbà tí ọ̀pá wà níbẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wé gèlè pupa wá sí kíláàsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀pá náà sábẹ́ bẹ́ǹṣì kí mùsíyé tó wọlé. Pàbó ló já sí.

Lẹ́yìn náà, "She with the stick" yẹn jáde kúrò nínú kíláàsì. Ẹnu àwọn ọmọ kò lè gbé gbogbo rẹ̀, wọ́n gé e kúrú, ó di Ṣíwítì. Ṣíwítì nídìí ẹ̀rọ omi, Ṣíwítì lọ́jà, Ṣíwítì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tilẹ̀ gbàgbé yẹ̀yẹ́ náà, ó kàn di ohun tí wọ́n ń pè mí. Ní òwúrọ̀ kan, ọmọ kékeré kan tí mi ò mọ̀ rí dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó yẹ̀ fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Ṣíwítì." Kò bú mi rárá. Ó rò pé orúkọ mi nìyẹn. Mo dáhùn, mo sì sunkún dé ẹnu ọ̀nà kọlẹ́ẹ̀jì.

Mi ò sọ fún ìyá mi àgbà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà náà jìn, pé ìwé ń jẹ mí lójú, pé àwọn tó kàwé ní ìlú yìí kò mọ̀ ju kí wọ́n máa wo èèyàn láti òkè délẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun díẹ̀ ló kù tí yóò fi ní kí n jókòó sílé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ abúlé wa náà ń lọ sí Atakpamé, ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ni wọ́n sì gbé wálé. Ní ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi àgbà ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kọjá pẹ̀lú korobá lórí, wọ́n ké "Ṣíwítì" sí mi bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ọwọ́ ìyá mi àgbà dúró lórí ẹ̀gẹ́.

"Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ó tún béèrè ẹni tó sọ mí bẹ́ẹ̀, mo ní mùsíyé wa ni, pé kì í ṣe orúkọ, pé bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ó wò mí títí.

"Wọ́n fi ń pè ọ́, o sì ń dá wọn lóhùn. Kí ló wá ń jẹ́, bí kì í bá ṣe orúkọ?"

Mo tẹrí ba, mo ń bó ẹ̀gẹ́ mi lọ.

Ẹ ó gbọ́ ohun tí à ń ṣe ní ilé wa nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí mi ò rò pé ẹ bá a mọ́. Bí ará ìta bá fi orúkọ kan pe ọmọ ilé wa, tí orúkọ náà sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, tí ilé kò fẹ́ ẹ, àgbà kan yóò bu omi láti inú ìkòkò ilé, yóò já ewé kan sí i, yóò gbé e lọ bá ẹni tó sọ orúkọ náà ní ọ̀sán gangan, lójú àwọn èèyàn. Ẹni yẹn yóò mu omi náà. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì ní pe orúkọ náà mọ́. Wọ́n ń pe bàbá mi àgbà ní Ológbò rí nítorí pé ó fẹ́ràn ẹja, wọ́n gbé omi lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó mu ún, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní orúkọ náà ló mu omi yẹn fúnra rẹ̀, ohun mìíràn nìyẹn. Ó ti gbà á nìyẹn. Òun ni yóò máa jẹ́ títí ayé, èyí tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ á lọ. Ìyàwó ilé kan ní agbo ilé wa ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé orúkọ tí àwọn ará ọjà fún un dùn mọ́ ọn ju tirẹ̀ lọ. Gbogbo wa la fi ń pè é, èmi kò mọ ti àkọ́kọ́ rárá.

Ìyá mi àgbà ní òun ń bọ̀ ní kọlẹ́ẹ̀jì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo yí nílẹ̀. Mo ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú. Ó ní ṣé ìlú kì í mu omi ni. Nígbà tí mo gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń wẹ igbá kan tó tọ́jú sókè àjà, mo sì ń gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kí òjò rọ̀, kí odò kún, kí nǹkan kan ṣáà dá a dúró. Oòrùn ràn bíi pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ró aṣọ tó máa ń ró lọ síbi ìsìnkú, igbá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, omi inú rẹ̀ kò sì dà sílẹ̀ láti abúlé wa dé orí òkè yẹn. Mùsíyé sáré lọ bá a, ó tẹrí ba, ó kí i ní Ewe, ó pè é ní Màmá bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà ní ilé tiwọn, ó fún un ní àga ara rẹ̀. Kò jókòó.

"Ọmọ mi, mo dúpẹ́ iṣẹ́ tí ò ń ṣe lórí àwọn ọmọ wa," ló wí. "O sọ ọmọ mi lórúkọ. Ilé wa kò fẹ́ ẹ. Mo dá a padà fún ọ."

"Màmá, mi ò sọ ọmọ kankan lórúkọ o. Gẹ̀ẹ́sì ni."

Ìyá mi àgbà kọjú sí wa, ó fi Ifẹ̀ béèrè pé kí la ń pe ọmọ òun. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan sọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ ohùn láti ẹ̀yìn, àwọn kan sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìyá mi àgbà tún yí padà sí mùsíyé. Mùsíyé ti lóye. Ojú rẹ̀ yí padà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, torí òun ni kò rò ó débẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, Màmá. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ níbí. Ẹ dárí jì mí." Ó sì fi orúnkún kan kanlẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tó lọ̀ dáadáa yẹn.

"Mo ti dárí jì ọ́. Mu omi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Mùsíyé wo omi náà, ó wo ewé inú rẹ̀, ó wò wá. Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ní èyí nìkan ni òun kò lè ṣe. Ìyá mi àgbà ní omi ìkòkò ilé òun ni, pé kò sí oògùn níbẹ̀, pé òun náà mu nínú rẹ̀ láàárọ̀.

"Mo gbà yín gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ń wò mí. Lọ́la, gbogbo ìjọ ni yóò gbọ́ pé mo mu omi òrìṣà."

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dun ìyá mi àgbà. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Bí o kò bá mu ún, mo ń mú ọmọ mi lọ sílé lónìí, kò ní padà wá mọ́." Ó gbé igbá sórí tábìlì mùsíyé, ó wá sí ìdí bẹ́ǹṣì wa, ó sì gbé àpò ìwé mi.

Mo wo àwọn méjèèjì, inú sì bí mi sí wọn dọ́gba. Mùsíyé kò lè mu ún mọ́, nítorí pé ó ti sọ lójú gbogbo wa pé òun kò ní mu ún. Ìyá mi àgbà kò lè fi mí sílẹ̀ mọ́, nítorí pé òun náà ti sọ tirẹ̀. Olúkúlùkù wọn fẹ́ràn mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Èmi ni yóò sì lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò. Mo rí igi náà. Mo rí obìnrin yẹn tó ń sún láti fún mi láyè.

Mo fa ọ̀pá mi yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo rìn lọ sídìí tábìlì. Ẹnikẹ́ni kò dá mi dúró, bóyá wọ́n rò pé mò ń lọ sílé ni. Mo gbé igbá náà, mo sì mu omi rẹ̀ tán pátápátá. Ewé náà lẹ̀ mọ́ ètè mi, mo fi ọwọ́ mú un kúrò.

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ìyá mi àgbà ṣì di àpò náà mú. Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mùsíyé bi í ní Ewe pé kí ló dé, kí ni ìyẹn túmọ̀ sí, torí òun kò mọ̀. Ìyá mi àgbà gbé àpò mi padà sórí bẹ́ǹṣì, ó rọra gbé e, kí ìwé inú rẹ̀ má baà ká. Ó gba igbá lọ́wọ́ mi. Ó ní, "O ti mu ún. Kò sí ohun tí mo lè dá padà mọ́." Ó sì jáde.

Mo dúró títí iṣẹ́ ọjọ́ náà fi parí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi lè máa rò pé ó fìyà jẹ mí nígbà tí mo délé. Rárá o. Oúnjẹ mi wà lórí ààrò, ó gbóná, ẹja inú rẹ̀ tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo jẹun. Ó gbá ilẹ̀, ó da omi sí adìyẹ, lẹ́yìn náà ó pè mí pé kí n wá bá òun mú okùn. Ohun tó fi pè mí ni Ṣíwítì. Kì í ṣe ẹ̀gàn, kì í ṣe ìbínú, ahọ́n rẹ̀ tilẹ̀ ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì rọra tún un pè kó lè tọ̀nà. Ó sọ fún gbogbo agbo ilé, àwọn náà sì gbà. Kí ọdún yẹn tó parí, kò sí ẹnìkan mọ́ ní abúlé wa tó ń pè mí ní èyí tí ìyá mi àgbà sọ mí. Nígbà tí àwọn òbí mi dé láti Gánà, tí bàbá mi ṣèèṣì pè é, ìyá rẹ̀ bá a wí níṣojú àlejò. Ohun ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé ní kọlẹ́ẹ̀jì, mùsíyé pa àṣẹ rẹ̀ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní Ṣíwítì níbẹ̀ mọ́. Ilé wa nìkan ló kù tí mo ti ń jẹ́ ẹ.

Mo yege. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé lásán ni. Mo kàwé tán, mo di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, mo jókòó sórí àga tó ní tìmùtìmù títí mo fi fẹ̀yìn tì. Owó oṣù mi ló kọ́ ilé fún ìyá mi àgbà, òun ló ra aṣọ tó wọ̀, òun ló san owó oògùn rẹ̀. Ó ń fi mí yangàn lọ́jà Notsé. "Ọmọ mi Ṣíwítì ló rán èyí sí mi," báyìí ló máa ń wí fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo wá jókòó tì í. Ó ti rù, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ pé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan péré ní orúkọ tí ẹ sọ mí." Ó fi ọwọ́ pa mí lójú, ó ń wá ojú mi kiri bíi pé àárín èrò ló wà. Ó ní, "Bí mo bá pè é, ta ni yóò jẹ́ mi? Ẹni tó ń jẹ́ ẹ kò sí nílé." Kò bínú sí mi. Mo rò pé ó ti dárí jì mí tipẹ́tipẹ́, bí mo bá tilẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò pè é.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí yín lórí fóònù yín, orúkọ kan lónìí, òmíràn lọ́la, ti lónìí ní àwòrán ológbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ò sì bu omi fún ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gbogbo ẹsẹ̀ mi wá lórí òkè, ẹ̀ ń gbọ́ ọ lórí ìbùsùn yín. Faransé lẹ fi ń jà, Ewe lẹ fi ń rajà, Ifẹ̀ ló kù tí ẹ fi ń kí mi, ẹ sì tún ń yára kí ó lè tán. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ọmọdé a na ìka sí wa lórí bẹ́ǹṣì, á ní òun tó wọ aṣọ pupa, òun tó wà nígun yẹn, òun tó ní ọ̀pá. Gbogbo wa la ń dìde bó ṣe pè wá. Mi ò bá a jà. Ó pọ̀ fún un, àwa náà sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà míì mo máa ń wo ọwọ́ mi, mo máa ń ronú pé irú ọmọ wo ni mo jẹ́ nígbà yẹn tí mo fi rò pé nǹkan kékeré ni mò ń fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé igbá yẹn síwájú mi lónìí, pẹ̀lú máńgòrò yẹn lójú mi, mo rò pé n ó tún mu ún. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Àwọn tó mọ orúkọ náà ti lọ tán, ìyá mi àgbà, bàbá mi, ìyá mi, gbogbo agbo ilé. Ẹ̀yin kò bi mí rí, mi ò sì ní sọ ọ́ fún yín. Tí ilé bá dá, tí gbogbo yín ti lọ, mo máa ń jókòó sí ìyẹ̀wù, mo máa ń pè é jẹ́jẹ́ bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń pè é. Mi ò tíì dáhùn rí.